Tíṣà Jí Ìtàn, Ilé Dìde

Mi ò tíì dárí ji tíṣà yẹn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má baà máa retí ibi tí inú mi máa ti rọ̀. Ìyá mi, tí kì í fi ìpàdé àdúrà kankan jẹ, máa ń sọ fún mi pé ti Olúwa ni ẹ̀san. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Olúwa, kò sì burú bí ọmọ bá bá baba rẹ̀ gbé díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé mi máa ń bi mí níbi tí mo ti rí Ọ̀gá Ọkọ̀, ọmọbìnrin tó ń ja àwọn olè orí omi lólè, tí àwọn ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ti àjẹ̀ bọ omi. Wọ́n rò pé inú ìwé òyìnbó ni mo ti kó o. Etí omi Ọ̀jọ́ ni mo ti rí i. Inú ló bí mi, ni mo fi dá a.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ni ilé tí a ń gbé. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí àwọn abúlé tó wà lódìkejì ọ̀sà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nídìí rẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yan ẹja kó tó rí i rà. Ẹ má rò pé ìyá arúgbó tó máa ń jókòó jẹ́jẹ́ sójú kan ni o. Bó bá ń bọ̀ létí omi, atukọ̀ tó ń fa sìgá á tẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tó ń bú ọmọnìkejì rẹ̀ á gbé èébú náà mì.

Mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn olè dá ọkọ̀ náà lọ́nà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n lé gbogbo èrò bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lọ. Nítorí pé Màmá Àgbà bú wọn, wọ́n gba ìró lára rẹ̀, yẹ̀rì ló wọ̀ wálé. Gbogbo ilé ń sunkún. Èmi ò sunkún. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé níbi tí a ti ń yan ẹja, mo ń ronú irú ìyà tí mo máa fi jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí wá jẹun, ọmọbìnrin kan ti wà lọ́kàn mi tó ti gba ẹ́ńjìnnì náà padà, tó sì ti bọ́ ṣòkòtò gbogbo wọn.

Ó níláti ní oríkì. Ta ni yóò ṣe akọni láìní oríkì? N ò wá èyí tó jìnnà. Mo fún un ní ti ilé wa.

Àràárọ̀ ni Màmá Àgbà máa ń ki wa kó tó dá wa lóhùn ìkíni kankan. Ìtàn tó wà nídìí oríkì náà ni pé láyé ìyá ìyá rẹ̀, àwọn apanilẹ́kún-jayé kan gba orí omi wọ ìlú, wọ́n kó iyọ̀, wọ́n kó èèyàn. Àwọn ọkùnrin dúró létí odò, wọ́n ń kígbe. Ìyá náà pọn ọmọ rẹ̀, ó wọnú ọkọ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ó gba ohun tó lè gbà, ó sì dé. Bí Màmá Àgbà ṣe máa ń pè é nìyí:

Ọmọ a-pọnmọ-tukọ̀,
Ọmọ odò kún, a ò sá,
Ọmọ odò fà, a ò padà sẹ́yìn.
Obìnrin kan ṣoṣo ló wà lórí omi,
Tí ọkùnrin gbogbo wà létí odò tí wọ́n ń ké.
Ó ní ohun tẹ́ ẹ kó lọ lánàá,
Lónìí ni n ó kó o bọ̀.
Ta ló ń tukọ̀ bọ̀ yẹn?

Bó bá ti dé ìbéèrè yẹn, gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Àwa ni. Ilé wa ni.” Òfin kan sì wà tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rú nílé wa. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ oríkì náà, ibikíbi tó o bá wà, wàá dìde. Òkèlè lè wà lẹ́nu rẹ, ọṣẹ lè wà lójú rẹ. Màmá Àgbà ní ẹni tó bá jókòó nígbà tí wọ́n ń pe ìyá náà ń bá àwọn tó dúró létí odò kígbe ni. Bàbá kékeré mi, àbúrò ìyá mi, dìde nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹni kan ní ìjókòó ẹ̀yìn kì í, ó sì fi orí gbá òrùlé.

Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama l'Okókómàíkò, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá jẹ́ ará òkè, ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó fẹ́ràn kó máa ké ewì débi pé bó bá ń pe orúkọ wa láàárọ̀, bí ẹni ń sun rárà ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní pírẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn, ó máa ń ní kí ẹni tó bá ní àlọ́ bọ́ síwájú. Àwọn yòókù ń sọ ti ìjàpá. Èmi sọ ti Ọ̀gá Ọkọ̀.

Ọjọ́ tí mo sọ bó ṣe da ọbẹ̀ ilá sórí pákó ọkọ̀ àwọn olè, tí wọ́n ń yọ̀ ṣubú sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó jókòó lórí ẹrù wọn tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá tó ṣẹ́ kù, kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ti ìjàpá mọ́. Tíṣà pàápàá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

“Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Má sáré, kí n lè gbádùn ẹ̀.”

Bó ṣe ń gbádùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́. N ò fura. Ó tún máa ń pè mí sí yàrá àwọn tíṣà lẹ́yìn ìparí ilé ìwé, á ra bọ́nsì fún mi, á ní kí n tún ibì kan sọ. Ẹnu mi kún fún bọ́nsì, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo pe oríkì Ọ̀gá Ọkọ̀ fún un, ó pa ojú dé, ó ní kí n tún un pè. Ó bi mí ẹni tó kọ́ mi. Mo ní Ọ̀gá Ọkọ̀ ló ni ín, nítorí pé inú ìtàn ni mo wà nígbà yẹn. Ó rò pé mo hun ún látọkàn mi bí mo ṣe hun ti ilá. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, n ò sì ní kó máà ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún nínú ìtàn náà.

“Obìnrin ló wá ń pàṣẹ fún ọkùnrin lórí omi? Ta ló máa fẹ́ irú ẹ̀?”

“Kò wá ẹni tó máa fẹ́ ẹ, sà,” mo dá a lóhùn. “Ẹ́ńjìnnì ló ń wá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé láti họlidé gígùn, wọ́n kéde lórí ìlà pé tíṣà wa ti kọ ìwé ìtàn, àti pé wọ́n máa ṣe láńṣìn rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ra ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì mú òbí wọn wá. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ra tèmi, mo sì dúró sábẹ́ páànù wọn láti kà á. Àwọn ọmọ yunifásítì ń ti mí sọ́tùn-ún sósì, n ò mira.

Ìtàn mi ni. Gbogbo rẹ̀, láti orí dé ìrù. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ọkọ̀ ti di ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ o, ìdí ààrò ni wọ́n gbé e sí. Òun ló se ilá tí akọni ọkùnrin wá dà sórí pákó. Lẹ́yìn náà àwọn olè gbé e, ó ń pariwo “Ẹ gbà mí o” láti ojú ewé kan dé òmíràn títí akọni fi wá tú u sílẹ̀, tó sì fẹ́ ẹ. Oríkì ilé wa wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Tíṣà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ti sọ “a-pọnmọ-tukọ̀” di “a-pọ̀nbọn-tukọ̀”. Níbi tí a ti ń pe “obìnrin kan ṣoṣo”, “ọkùnrin kan ṣoṣo” ló wà níbẹ̀.

Mo ti rí ìyá mi àgbà tó wọ yẹ̀rì wálé. Inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn kò tó èyí. Àwọn tọ̀hún gba ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ṣeé rà. Eléyìí gba ọmọbìnrin tí mo dá láti gbẹ̀san, ó sì lọ fi í ṣe ẹni tó ń kígbe fún ìrànlọ́wọ́.

Mo lọ bá a ní yàrá àwọn tíṣà, mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

“Sà, ìtàn mi lẹ kọ.”

Kò tilẹ̀ bínú. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń béèrè òṣùpá.

“Ìtàn ẹ? Ọjà wo lo ti rà á? Atẹ́gùn ni ìtàn, ọmọ yìí. Ẹni tó bá rí àpò kó o sí ló ni ín. Lọ sí kíláàsì.”

Mo lọ sọ́dọ̀ prínsípà. Tíṣà sọ níbẹ̀ pé òun lòun máa ń sọ ìtàn náà fún wa lọ́jọ́ Ẹtì, pé ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló wá ń pè é ní tirẹ̀. Wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n wo ilẹ̀. Òun ló ń fún wọn ní máàkì, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹ gúgúrú láti inú bébà kan náà wo ilẹ̀ pẹ̀lú wọn. Prínsípà ní kí n lọ gé koríko iwájú gbọ̀ngàn nítorí pé mo parọ́ mọ́ àgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gé koríko kí ilẹ̀ lè mọ́ fún láńṣìn ìtàn tí wọ́n jí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Tíṣà fúnra rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń dán ohùn wò. Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Oríkì náà ló ń ké, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Òun ló fẹ́ fi ṣí ayẹyẹ náà.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dìde, orí ìdúró ni mo ti wà tẹ́lẹ̀. Ara mi ló ti dìde nínú ara mi kí n tó ronú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo máa ṣe. Mo gbé àdá, mo sì gé ìyókù koríko náà mọ́lẹ̀ dáadáa, torí mo fẹ́ kí àlejò mi rí ibi rìn.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màmá Àgbà pé wọ́n máa ki ilé wa ní ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé.

“Ta ló máa kì í?”

“Tíṣà mi, mà. Ó kọ oríkì wa sínú ìwé.”

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wọn rí, kò sì ní ṣeé gbọ́ pé wọ́n ń pe ìyá àwọn ní gbangba kó máà sí ẹni tó máa jẹ́. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí tó wà ní Àjàngbádì, ó ránṣẹ́ sódìkejì omi. Ó ní kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́. N ò sọ ìyókù fún un. Bí mo bá sọ ọ́, ìjà ló máa bá lọ síbẹ̀, wọ́n á sì ní àwọn ará etí omi tún ti wá jà. Mo fẹ́ kó bá ayọ̀ lọ. Ìyá mi nìkan ló fura, ó ń wò mí.

“Kí lo ń gbèrò?” ló bi mí.

“Kò sí, mà. Mo kàn ń dúró de Olúwa ni.”

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí tó jẹ́ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà níwájú, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti awakọ̀ wà lẹ́yìn. Alága ayẹyẹ jẹ́ bàbá kan láti Navy Town tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, aṣọ funfun rẹ̀ le gan-gan. Wọ́n di ìwé náà ní ríbọ́nnì pupa lórí tábìlì. Tíṣà wọ agbádá. Ẹbí wa gba ìlà àga kan ní àárín tán, àwọn tí kò rí àyè jókòó lára wọn dúró tì wọ́n. Àwọn atukọ̀ pàápàá wá, ẹni tó bá ti bá Màmá Àgbà tukọ̀ rí ti di ọmọ ilé. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ojú mi ti lè ká tíṣà.

Ó bọ́ síwájú, ó kó agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Ọmọ a-pọ̀nbọn-tukọ̀...”

Ilé wa dìde. Gbogbo wọn, bí ẹni kan, èmi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àga ń dún gbàrà-gbàrà. Bàbá kékeré mi dìde, ọmọ tó ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ jí, wọ́n gbé e dúró. Màmá Àgbà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn náà dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti da ìborùn sí apá kan bí ẹni fẹ́ gba ọlá. Àwọn èèyàn rò pé ó wà nínú ètò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú tíṣà dùn. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ohùn sókè.

“Ọmọ odò kún, a ò sá! Ọmọ odò fà, a ò padà sẹ́yìn! Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà lórí omi...”

Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú Màmá Àgbà. Ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì mú un.

“Tún un pè,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ohùn tí ń pa sìgá ni.

Tíṣà rò pé ó dùn mọ́ ọn ni. Ó tún un pè, ọkùnrin kan ṣoṣo.

“Obìnrin ni,” ni Màmá Àgbà wí. “Ọmọ ló sì pọ̀n. Kò pọn ìbọn.”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìwé ìtàn ni.”

Alága fi ọwọ́ dá a dúró. “Màmá, ẹ má bínú. Kí ló mú kí gbogbo yín dìde?”

“Wọ́n pe ilé wa, a jẹ́,” ló dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n ẹni tó pè wá ti ju ìyá wa sómi.”

Alága yíjú sí tíṣà. “Níbo lẹ ti rí oríkì yìí, tíṣà?”

Ibẹ̀ ni mo ti ń retí rẹ̀. Ì bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sọ ọ́ fún òun, ì bá bọ́. Ṣùgbọ́n prínsípà, tí tíṣà ti sọ fún pé òun kò gba ohunkóhun lẹ́nu ọmọ kankan, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gun igi irọ́ dé òkè, kò rọrùn kó sọ̀ kalẹ̀ lójú èrò.

“Èmi ni mo hun ún, sà,” ló wí. “Láti inú làákàyè mi.”

Màmá Àgbà wò ó lọ, wò ó bọ̀. “Ìyá ìyá mi wá ń gbé nínú làákàyè ẹ? Ta ló mú un débẹ̀?”

Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo bọ́ sáàárín.

“Èmi ni, mà. Èmi ni mo sọ oríkì náà fún un. Èmi náà ni mo sọ gbogbo ìtàn tó wà nínú ìwé yẹn fún un, látorí ẹ́ńjìnnì yín tí wọ́n jí.”

“Irọ́ ni,” ni tíṣà wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí Màmá Àgbà ṣe máa ń pè é láàárọ̀ kí ojú wa tó là tán. Mo pe ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo pe obìnrin kan ṣoṣo, mo pe àwọn ọkùnrin tó wà létí odò, mo sì wo tíṣà bí mo ṣe pè wọ́n. Mo ní ohun tẹ́ ẹ kó lọ lánàá, lónìí ni n ó kó o bọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń tukọ̀ bọ̀ yẹn.

“Àwa ni,” ni gbogbo ilé dáhùn. “Ilé wa ni.”

Òrùlé gbọ̀ngàn gbà á, ó sì dá a padà. Ní ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi tó wo ilẹ̀ dìde, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹlòmíràn dìde. Wọ́n ń dìde bí ẹni tí ìdánwò ò bà lẹ́rù mọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Alága wo ìwé tó wà lórí tábìlì, kò tú ríbọ́nnì rẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí Màmá Àgbà, ó sì lọ.

Wọ́n ní kí n wá bẹ tíṣà nítorí pé àgbà ni. Mi ò lọ. Ó kúrò ní ilé ìwé wa, ó lọ kọ́ni níbòmíràn, ṣùgbọ́n Okókómàíkò náà ló ṣì ń gbé. Àwọn ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn aláàkàrà. Mo rìn dé Àjàngbádì lọ́jọ́ kan nítorí pé mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà, mo ra àkàrà. Ojú ewé tí wọ́n fi wé e fún mi ni ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti ń kígbe “Ẹ gbà mí o”. Mo jẹ àkàrà náà tán, mo fi ojú ewé náà nu epo ọwọ́ mi. Mi ò tíì jẹ àkàrà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì kì í dúró sójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Àgbà kì mí dé òpin, mo ti fẹ́ dáhùn, ó tún fi kún un:

Ọmọ tíṣà jí ìtàn, ilé dìde.
Ọmọ a-gbàtàn-lẹ́nu-olè.

Ìyá mi ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Màmá Àgbà ní ìyá òun náà bímọ, ọmọ náà ni tíṣà sì yọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tó fi ìbọn rọ́pò.

Àwọn ọmọ etí omi gbọ́ ọ, wọ́n gbé e lọ, òun àti ìtàn Ọ̀gá Ọkọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdébìnrin fi ń fo okùn sí i. Ẹni kan á máa ké “Tíṣà jí ìtàn”, àwọn yòókù á fò sókè, “Ilé dìde”. Ó rìn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, ó dé Okókómàíkò.

Mo ti wà ní yunifásítì nígbà tí tíṣà wá sílé wa. Òun àti alàgbà kan láti ìjọ rẹ̀ ni. Irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ ṣì dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà, ó ní òun jẹ̀bi, òun kò sì wá jiyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé e wá. Kí wọ́n bá òun yọ ìlà tó dárúkọ tíṣà kúrò nínú oríkì náà.

“Oríkì kì í ṣe ìró tí wọ́n ń gbà lára èèyàn,” ni Màmá Àgbà wí. “Ọmọ yìí ló ni ìlà yẹn. Bi í.”

Ó yíjú sí mi. Mo rí i pé kò rọrùn fún un. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó ń tẹ̀ ẹ́.

“Ọmọbìnrin mi ló kọ ọ́ lórin wálé,” ni tíṣà wí. “Òun ló kéré jù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń ṣe Ọ̀gá Ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Òun ló máa ń ṣe ọ̀gá. Tí wọ́n bá dé ibi tíṣà yẹn, á na ọwọ́, á ní kí wọ́n ju olè sómi.”

“Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sà?”

“Kò mọ̀.”

Ìyá mi tún tẹ ọwọ́ mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ, ó dára, ó sì wà nínú Bíbélì. Mo wo ọkùnrin náà, mo rántí páànù ṣọ́ọ̀bù Ìyànà Ìbà, mo rántí àdá àti koríko. Mo rántí ọmọbìnrin tó gbé sídìí ààrò. Ní báyìí, ọmọ tirẹ̀ ti gbé e kúrò níbẹ̀ padà sídìí ọkọ̀, láìbi í.

“A ò ní yọ ọ́, sà,” mo wí. “Ẹ jẹ́ kó máa ṣe ọ̀gá lọ. Tó bá bi yín lọ́jọ́ kan pé ta ni tíṣà náà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ jù. Ẹ sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè gbádùn ẹ̀.”

Ó dìde. Alàgbà náà bá a gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ìyá mi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Màmá Àgbà ti lọ báyìí, èmi ló ń ki ọmọ mi láàárọ̀. Á dìde tòun ti oorun lójú, á dúró títí màá fi dé òpin. Mi ò yọ ìlà kankan. Bí mo bá dé ti tíṣà, mo máa ń pè é sókè díẹ̀ ju ìyókù lọ.